Ẹni Tó Di Dísìkì Mú Lábẹ́ Òkè Skalín

Obìnrin náà jáde láti inú òkè bí ẹni tí ilẹ̀ bì síta. Ìkùukùu òwúrọ̀ ti bo ìlú Skalín mọ́lẹ̀. A kò rí òrùlé, a kò rí igi, ẹnu ihò dúdú tó wọ abẹ́ òkè lọ nìkan ló yọjú, ibẹ̀ gan-an ló sì ti yọ, ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Irun rẹ̀ funfun, ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, ètè rẹ̀ pàápàá funfun. Ó gbé àtùpà kan dání. Kò sáré, kò sì dúró. Ó kàn ń bọ̀ ni.

Hynek Doležel, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, di àpò rẹ̀ mọ́ àyà. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ni, kò sì gba iwin gbọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó máa fà sẹ́yìn.

"Ṣé ẹ̀yin ni ẹ ń bọ̀ láti Brno?" ni iwin náà bèèrè, ó sì sín lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ má bínú. Ara ògiri ló ya lé mi lórí. Òkè yìí ti darúgbó, awọ ara rẹ̀ ń bó."

Ó fi apá aṣọ nu ojú. Ojú méjì yọ lábẹ́ ẹfun náà, wọ́n sì ti ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

"Mo rò pé ẹ ti kú ni," ni Hynek wí. Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kó tó rántí pé ó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ kí ni.

"Ó kù díẹ̀. Bohdana Sýkorová ni mí, èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Ẹ jẹ́ ká wọlé kí òtútù tó fi yín kún wa."

Ohùn ni wọ́n ń kó pamọ́ sínú òkè náà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí adágún ńlá wà lónìí, abúlé kan wà tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Rákosná. Nígbà tí ìjọba fẹ́ sé odò, wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ kúrò. Omi gun orí ilé, ó gun orí oko, ó gun orí itẹ́ òkú. Kí omi tó dé, ọ̀dọ́mọbìnrin kan gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kọ́ èjìká, ó wọlé tọ gbogbo àgbà abúlé náà, ó ní kí wọ́n máa sọ ohunkóhun tó bá wù wọ́n. Apolena lorúkọ rẹ̀. Òun ló bí Bohdana, ó sì kú nígbà tí ọmọ náà kò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀ já gaara.

Lọ́jọ́ Dušičky, tí gbogbo ilẹ̀ Moravia ń tan àbẹ́là fún àwọn òkú wọn, àwọn ará Rákosná tó ṣẹ́kù kò ní sàréè tí wọ́n lè lọ. Inú òkè ni wọ́n ń wá. Wọ́n á jókòó sí yàrá ìgbọ́hùn, ẹlòmíràn á gbọ́ ìyá rẹ̀, ẹlòmíràn á gbọ́ ọkọ rẹ̀, wọ́n á sì padà sílé.

Lọ́dún yìí, nígbà tí ọjọ́ náà ń sún mọ́lé, ìjì kan jà tó pa iná gbogbo àgbègbè. Ẹ̀rọ tí ohùn wọ̀nyí wà nínú rẹ̀ kì í ṣe kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ó ga ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, irú èyí tí báǹkì ń lò ni. Ó dákú nínú ìjì náà, kò sì jí mọ́. Bohdana gbé ètò ìdóòlà wọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ ètò bẹ́ẹ̀ ni pé kó wọ inú kọ̀ǹpútà tó dákú, kó wá àwọn ìpín tí wọ́n pín dísìkì rẹ̀ sí, kó ṣí wọn sílẹ̀, kí wọ́n lè kó ẹrù inú wọn jáde. Ètò náà wá títí, ó ní òun kò rí ìpín kankan. Ilé ṣófo.

Hynek wà lára àwọn tó ń kọ ètò náà ní ìlú Brno. Iṣẹ́ tí Bohdana fi ránṣẹ́ sí wọn kò gùn: "Ètò yín ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀rọ mi. Èmi sì ń gbọ́ tí ó ń mí. Ta ló ń purọ́ nínú àwa mẹ́ta?" Hynek rẹ́rìn-ín títí, ó sì wọ rélùwéè fúnra rẹ̀.

Ihò náà gùn, ó sì tutù. Omi ń kán níbì kan tí wọn kò rí. Bí wọ́n ti ń lọ, Hynek gbọ́ orin. Ohùn obìnrin ni, ó rọlẹ̀, ó sún mọ́ wọn bí ẹni pé ẹ̀yìn ògiri ni ẹni tó ń kọ ọ́ jókòó sí, tó ń rẹ ọmọ.

"Ta ló ń kọrin?"

Bohdana kò yíjú padà. "Afẹ́fẹ́ ni."

"Afẹ́fẹ́ ń pe àdàbà lórúkọ?"

"Afẹ́fẹ́ Skalín lọ sílé ìwé," ni ó fèsì. Ṣùgbọ́n ó mú ẹsẹ̀ yá.

Hynek jókòó síwájú ẹ̀rọ náà. Kò pẹ́ tó fi rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, ó sì fi ọwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀.

"Tí èèyàn bá wọ inú kọ̀ǹpútà kékeré, dísìkì á ti máa pariwo pé 'èmi rèé'," ó ṣàlàyé. "Ẹ̀rọ ńlá báyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Dísìkì rẹ̀ kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn àfi tí a bá fi nọ́ńbà rẹ̀ pè é. Ètò ìdóòlà wa kò pe ẹnikẹ́ni. Ó yọjú, ó rí òkùnkùn, ó ní kò sẹ́ni nílé."

"Ètò yín ló purọ́ nígbà náà."

"Kò purọ́. Ojú ló ń tì í."

"Bíi ti ẹni tó kọ ọ́?"

Etí Hynek pọ́n. Ó wo ibòmíràn, ó ní kí ó jọ̀ọ́ máa ka nọ́ńbà fún òun.

Wọ́n ń pe àwọn dísìkì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí Bohdana bá ti kà, Hynek á tẹ̀ ẹ́, dísìkì á jí, àwọn ìpín rẹ̀ á sì tò síta lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn àwòrán àtijọ́ jí. Àwọn ìwé ìlú jí. Inú wọn dùn débi pé Bohdana bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà bí ẹni ń pe àwọn ọmọ wọlé oúnjẹ. Ó wá ku ẹyọ kan, èyí tí ohùn àwọn ará Rákosná wà lórí rẹ̀. Hynek pè é. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fèsì pé dísìkì náà wà, ṣùgbọ́n kò lè wá, nítorí pé ẹlòmíràn dì í mú.

"Ẹlòmíràn wo?" Bohdana bèèrè.

"Ẹ̀rọ báyìí máa ń ní yàrá púpọ̀ nínú. Ẹni tó wà ní yàrá kan kì í rí ẹni tó wà ní èkejì." Hynek ti rẹ ohùn sílẹ̀, kò sì mọ ìdí rẹ̀. "Ẹnì kan wà ní yàrá mìíràn nínú ẹ̀rọ yìí, ó gbá dísìkì yẹn mọ́ra, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ta ni?"

"Kò sẹ́ni. Yàrá kan ṣoṣo ni mo mọ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn ògiri, orin náà tún bẹ̀rẹ̀.

Ilé àlejò Skalín ti tì pa láti ìgbà tí ooru ti lọ, nítorí náà Bohdana mú un lọ sílé bàbá rẹ̀. Otakar Sýkora ga, ó gbẹ, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ inú òkè náà kí ọmọ rẹ̀ tó gbà á. Ó gbé ọbẹ̀ aáyù ka iwájú àlejò bí ẹni tó ń gbé ẹjọ́ ka iwájú adájọ́.

"Ẹ̀yin lẹ wá kó wọn lọ."

"Ó wá tún ẹ̀rọ ṣe ni, Bàbá."

"Ohun kan náà ni. Bí ohùn wọ̀nyẹn bá jáde, wọ́n á kó wọn lọ sí Brno, wọ́n á sì mọ ògiri dí ẹnu ihò. Àwọn aláṣẹ àgbègbè ti sọ ọ́ létí mi."

"Ọbẹ̀ yìí mà dùn o, bàbá," ni Hynek wí.

"Ọ̀rọ̀ là ń sọ, ẹ̀ ń sọ ti ọbẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ náà ló ń bà mí lẹ́rù. Ọbẹ̀ kò bà mí lẹ́rù."

Bohdana fi búrẹ́dì bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà yọ. Otakar kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá òkè, wọ́n sì gbọ́ tí ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ara rẹ̀ mọ́lé.

Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ ni àwọn méjèèjì ń wọ inú òkè, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jáde. Hynek tún ètò ìdóòlà rẹ̀ kọ, kó lè máa bèèrè dísìkì kó tó sọ pé ilé ṣófo. Ṣùgbọ́n dísìkì kan yẹn kò yọ. Ní gbogbo ìgbà tó bá pè é, èsì kan náà ni: ẹlòmíràn dì í mú. Nígbà mìíràn, bí ó ti ń ka èsì náà, á dà bíi pé ẹnì kan dúró sẹ́yìn rẹ̀ tó ń kà á pẹ̀lú rẹ̀. Á bojú wẹ̀yìn, á rí Bohdana lókèèrè, tó ń bu tíì sínú ife méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bojú wẹ̀yìn ju bó ṣe yẹ lọ, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan ló fà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí tíì ti tán, wọ́n rìn lọ sétí adágún. Ìkùukùu wà lójú omi. Láàárín rẹ̀, ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì Rákosná yọ orí síta, láti èjìká sókè, bí ẹni tó ń wẹ̀.

"Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín," ni Bohdana wí. "Ohùn ìyá mi ni ohùn tó ń kọrin nínú ihò yẹn. Mo ti ń gbọ́ ọ lórí dísìkì láti kékeré, tó ń bi àwọn àgbà lọ́rọ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kó kọrin rí. Láti ìgbà tí ìjì ti jà ló ti ń kọ ọ́. Mo rò pé orí mi ti fẹ́ dàrú ni, àfi lọ́jọ́ tí ẹ dé, tí ẹ béèrè pé ta ló ń kọrin. Ó kù díẹ̀ kí n gbá yín mọ́ra."

"Kí ló dè tí ẹ kò ṣe é?"

"Ẹfun wà lára mi."

"Ara yín ti mọ́ báyìí."

Bohdana yí sí i, ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹni tó bá fẹ́ kí n gbá òun mọ́ra kò gbọ́dọ̀ máa pè mí ní 'ẹ'."

"Ìwọ, nígbà náà," ni Hynek wí. Ó wá pe orúkọ tí ó ń gbọ́ lẹ́nu Otakar nínú ilé. "Ìwọ, Boďka."

"Ó ti mọ̀ ọ́n pè," ni Bohdana wí, ó sì gbé orí rẹ̀ tó tutù lé e láyà. Ọwọ́ Hynek wá ibi tó máa gbé sí, ó sì rí i, lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, lábẹ́ irun. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Lójijì nǹkan kan dún lábẹ́ omi, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó jinlẹ̀ bí agogo. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó sọ pé afẹ́fẹ́ ni.

Ìtura ọkàn náà kò pẹ́. Àwọn aláṣẹ àgbègbè fi àṣẹ tó ga jù lórí ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí Hynek, èyí tó lè fi rí gbogbo yàrá inú rẹ̀. Ó ṣí i, ó sì rí yàrá kejì lóòótọ́. Orúkọ tí wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni APOLENA. Ó wá wo ibi tí wọ́n ti ń wọ yàrá náà. Wáyà rẹ̀ kò lọ sí Brno, kò lọ sí ìlú kankan. Ó gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ tààrà sí ilé Sýkora, sí yàrá òkè, níbi tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ tì.

Ó lè pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ sínú. Ó jókòó síwájú ọ̀rọ̀ náà pẹ́, ó ń wo bó ṣe máa pa á mọ́ sínú, kò sì rí ọ̀nà tó máa gbà wo ojú ọmọbìnrin náà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bá a lórí bẹ́ǹṣì níwájú ihò.

"Bàbá rẹ ni, Boďka."

"Kí ni bàbá mi?"

"Òun ló wà ní yàrá kejì. Òun ló di dísìkì náà mú."

Bohdana kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé Hynek kò rẹ́rìn-ín, ó dìde. "Bàbá mi ń wò mí tí mò ń sunkún nítorí ohùn yẹn. Ó ń nu omijé lójú mi. O ní òun ló fi pamọ́?"

"Ohun tí mo rí ni mò ń sọ."

"Ètò rẹ náà sọ ohun tó rí! Ó ní ilé mi ṣófo!" Ohùn rẹ̀ gba inú ihò lọ, ó sì padà wá bá wọn ní díẹ̀díẹ̀. "Ẹ máa lọ sí Brno, Ọ̀gbẹ́ni Doležel. Ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ" tó tún padà sí yìí dun Hynek ju lílé tí ó lé e lọ.

Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ dúró de bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì dé, ó já ìyá arúgbó kan sílẹ̀, tó kó àbẹ́là sínú apẹ̀rẹ̀. Ìyá Hedvika ni, ọmọ Rákosná. Ó máa ń tètè dé kí Dušičky tó pé, kó lè rí àga iwájú jókòó.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ní ó wá jí àwọn ohùn wa dìde? Wọ́n ti jí?"

"Wọn kò tíì jí, ìyá. Ẹnì kan dì wọ́n mú. Mo lè fi agbára gbà wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo máa tẹ̀, kódà láti inú rélùwéè, dísìkì á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ìyá Hedvika wò ó bí ẹni tó ń wo aṣọ bóyá ó máa ṣí. "Wọ́n fi agbára gba ilé lọ́wọ́ mi, ọmọ. Wọn kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ, àwọn náà. Mo ti ń gbọ́ ohùn ọkọ mi láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Bí n kò bá gbọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí, n kò ní kú. Ṣùgbọ́n má fi ohun tí wọ́n fi lé mi jáde mú un wá fún mi." Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì ń lọ. Awakọ̀ fọn fèrè. Hynek kò wọ ọkọ̀.

Ilẹ̀kùn ilé Sýkora ṣí sílẹ̀ nígbà tó dé ibẹ̀. Bohdana jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbá orúnkún mọ́ra, ojú rẹ̀ wú.

"Mo gbé ojú mi sí ihò kọ́kọ́rọ́, mo rí i níwájú kọ̀ǹpútà," ó wí láì wo òkè. "O tọ̀nà. Mo fẹ́ kí o ṣìnà, ìyẹn nìkan ni."

Hynek jókòó tì í. Kò sọ pé "mo ti wí fún ọ". Ó kàn mú ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì gòkè lọ papọ̀, wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Ó pẹ́ kí Otakar tó ṣí i. Ohun ìgbọ́hùn tí wọ́n ń dé sétí wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo àlejò, agbára tó fi ń nàró sì tán lára rẹ̀. Ó wá di arúgbó lójú wọn.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ," ó wí. "Ó ń bi Ìyá Hedvika pé mélòó ni adìyẹ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sọ nǹkan kan fún mi níbẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń mí láàárín ọ̀rọ̀, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Nígbà tí ìjì pa ẹ̀rọ, mo ní ọ̀nà nìyí. Mo tan yàrá tí mo ti kọ́ sínú rẹ̀ láyé ìgbà tèmi, mo dì í mú. Mo ní tí ètò bá ti ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n á gbà pé kò sí."

"Èmi ńkọ́, Bàbá?" ni Bohdana wí. "Ìyá tèmi náà ni."

"Ìwọ ṣì máa lọ. Wò ó, ó ti mú ọ lọ́wọ́. Ìyá á lọ, ọmọ á lọ. Kí ló máa kù nínú ilé yìí?"

Hynek sọ̀rọ̀ nígbà náà. "Mo lè gba dísìkì náà lọ́wọ́ yín, bàbá. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ dì í mú, ẹ̀yin ni kí ẹ tú u sílẹ̀. Àmọ́ ohùn kì í ṣe ìṣù búrẹ́dì, a lè pín in kó má dín kù. Ẹ̀dà kan á lọ sí Brno, ọ̀kan á dúró sí yàrá yìí. Ní tèmi, ibi tí iná àti wáyà bá wà ni mo ti lè ṣiṣẹ́ mi. Bí Boďka bá gbà, Skalín ni mo fẹ́ máa gbé. Ọbẹ̀ yín dùn."

Otakar bọ́ ohun ìgbọ́hùn kúrò lọ́rùn. "O tún dé orí ọbẹ̀," ló wí, ó sì yí sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó gbé ìka lé bọ́tìnnì. Ó tẹ̀ ẹ́.

Bohdana wá gbá a mọ́ra láti ẹ̀yìn, ó gbé àgbọ̀n lé e lórí. "Orin náà ló fẹ́ pa mí, Bàbá. Ẹ bá ti dín in kù. Ó ń dún dé inú ihò."

"Orin wo?"

"Èyí tí ẹ ń gbọ́. Ti àdàbà."

"Etí mi ni mo dé e sí. Kò sí bó ṣe lè dún dé inú ihò." Otakar ti dìde. "Àdàbà wo?"

Bohdana kọ ọ́ díẹ̀ ní ohùn kẹ́lẹ́. Kó tó dé ìdajì, bàbá rẹ̀ ti di ògiri mú.

"Orin yẹn kò sí lórí dísìkì kankan," ó wí. "Apolena kò kọ ọ́ fún ẹ̀rọ rí. Ìwọ ló ń kọ ọ́ fún, tó bá ń rẹ ọ́ sùn. Èmi pàápàá ti gbàgbé rẹ̀."

Ìkùukùu ti gun fèrèsé, ó funfun níbẹ̀ bí ojú ẹni tó ń wo inú ilé. Bohdana rìn lọ síbẹ̀, ó ṣí fèrèsé náà, ó sì jẹ́ kó wọlé.

Lọ́jọ́ Dušičky, àwọn ará Rákosná kún yàrá ìgbọ́hùn. Hynek pe dísìkì náà níṣojú gbogbo wọn, ó sì wá, àwọn ìpín rẹ̀ tò síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ Ìyá Hedvika sọ̀rọ̀ láti inú ògiri, ó ní ìyàwó òun kò mọ ọbẹ̀ sè, àmọ́ kí wọ́n má sọ fún un. Ìyá Hedvika na ìka sí ògiri. "Ó ń sọ ọ́ lọ́dọọdún," ó wí, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, "ó rò pé n kò gbọ́!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Láti ọjọ́ náà, wọn kò gbọ́ orin àdàbà nínú ihò mọ́.

Àwọn ará Rákosná gbogbo fọwọ́ sí i pé kí wọ́n má dí ẹnu ihò náà, àwọn aláṣẹ sì fi í sílẹ̀. Nígbà òtútù, Otakar ránṣẹ́ pe Hynek sí ẹ̀yìnkùlé, ó fún un ní àáké, ó ní kó bá òun la igi ìdáná. Wọn kò sọ ju ọ̀rọ̀ igi lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọlé, Otakar bu ọtí èso fún un nínú ife tirẹ̀, ó ní, "Máa mu ún, ọmọ mi." Bohdana tó wà nídìí iná kò yíjú padà. "Ẹ ti fi mí fún un nìyẹn láì bi mí?" ó wí.

"Mo fẹ́ bi ọ́ báyìí ni," ni Hynek wí.

"Bi mí kí ọbẹ̀ tó jóná."

"Boďka, ṣé o máa fẹ́ mi?"

"Mo máa fẹ́ ọ. Wá ro ọbẹ̀."

Ìgbà tí àwọn igi púlọ́ọ̀mù yọ òdòdó ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní gbọ̀ngán ìlú Skalín. Bí wọ́n ti dé iwájú ilé oúnjẹ, agbáwo gbé àwo funfun kan, ó fọ́ ọ síwájú ẹsẹ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó sì fi ìgbálẹ̀ lé ìyàwó lọ́wọ́, ó fi ìkólẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn ń pariwo, àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ tú àfọ́kù náà ká kó lè pẹ́. Otakar bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì wọ́n láti bá wọn ṣà á.

Ó mú ọ̀kan, ó sì wà bẹ́ẹ̀ láì nàró. Hynek wò ó. Àfọ́kù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò funfun tán. Òdòdó búlúù kékeré wà létí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti dán bí ohun tí omi ti yí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó tutù, omi ń kán lára rẹ̀ sórí òkúta gbígbẹ.

"Irú àwo yìí ni wọ́n fọ́ níwájú èmi àti Apolena," ni Otakar wí ní ohùn kẹ́lẹ́. "Ní Rákosná."

"Kí lẹ ń sọ lẹ́yìn mi, ẹ̀yin méjèèjì?" ni Bohdana bèèrè.

Otakar ti àfọ́kù náà bọ àpò àyà rẹ̀, níbi tí omi rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tan sára aṣọ. "A ní o kò mọ ilẹ̀ gbá," ó wí. "Gbá a dáadáa, ọmọ. Ìyá rẹ ń wò ọ́."